Àìsàn Tí Í Kọ́kọ́ Jẹ Ìwà

Àwọn baba wa ní orúkọ fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra: wọ́n ní ó ń ṣarán. Bí ìyá àgbà bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan bóyá ilẹ̀ ti mọ́, ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n kí ni a ó pe ti ọkùnrin ẹni ọdún 53 tí ó rántí iye tí ó ra pákó òrùlé rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò ṣi ọ̀nà ọjà rí, síbẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú, tí ó ń fọwọ́ bu ẹran nínú àwo àlejò, tí ẹkún ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí àánú. Wọn a ní ayé ni ó ń ṣe é, tàbí pé ìwà tí ó ti ń fi pamọ́ ni ó wá hàn síta. Fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fi rú àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá lójú, bí wọ́n sì ṣe wá mọ ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1892, Arnold Pick, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì àwọn ará Jámánì tí ó wà ní ìlú Prague, kọ ìwé nípa ọkùnrin ẹni ọdún 71 kan tí ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n la orí rẹ̀ wò. Ohun tí àwọn oníṣègùn gbà gbọ́ nígbà náà ni pé bí ogbó bá dé, gbogbo ọpọlọ ni yóò súnkì lọ́gbọọgba, bí iṣu tí ó pẹ́ nínú abà. Ohun tí wọ́n bá nínú orí ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhà ẹ̀bátí, ní apá òsì, ni ó súnkì ju ibi yòókù lọ. Pick bá ní àìsàn yìí a máa yan ibi tí yóò jẹ, àti pé ibi tí ó bá jẹ ni yóò sọ irú àyípadà tí a ó rí lára aláìsàn. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún kọ̀wé nípa àwọn mìíràn, títí kan àwọn tí iwájú orí ni ó ti bà jẹ́. Ojú lásán sì ni wọ́n fi wo ọpọlọ ọkùnrin àkọ́kọ́ náà o!

Alois Alzheimer, ẹni tí òkìkí rẹ̀ borí ti Pick lónìí, ni ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ní 1911. Ó rí àwọn nǹkan roboto kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí kò jọ ohun tí òun tìkára rẹ̀ ti ròyìn ní 1906 nípa ọpọlọ obìnrin ará Frankfurt kan. Ní 1926, Onari àti Spatz fi orúkọ Pick pe àìsàn náà. Lójú tèmi, òkú ni orúkọ yìí ṣe láǹfààní jù, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kò sí bí a ṣe lè dá aláìsàn Pick mọ̀ yàtọ̀ sí ti Alzheimer níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń mí.

Àwọn dókítà ìlú Lund ní Sweden àti ti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n já èyí nírọ́. Ní 1994, wọ́n pa ìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì kọ àwọn àmì rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún un ṣe, wọ́n sì fi àmì mẹ́fà lélẹ̀ fún èyí tí ń ba ìwà jẹ́: àìnítìjú, ìdágunlá sí ohun gbogbo, àìbánikẹ́dùn, ṣíṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, wọ̀bìà tàbí àyípadà nínú oúnjẹ, pàápàá ìfẹ́ ohun dídùn, àti àìlè ṣètò nǹkan nígbà tí ìrántí kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́ta bá pé, ìfura dé. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá sì ti ń wọ́, tí àwòrán ọpọlọ náà jẹ́rìí sí i, dókítà lè fi ìgboyà sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ti rí i pé a máa jogún rẹ̀ nínú ìdílé mìíràn. Ní 1998, 2006 àti 2011 ni wọ́n rí mẹ́ta pàtàkì nínú àwọn àbùkù àjogúnbá tí ń fà á.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn dókítà Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí ń ṣarán ní Ìdíkàn. Èsì rẹ̀ ní 2001 ya ayé lẹ́nu: àìsàn Alzheimer tuntun láàrin àwọn àgbà Yorùbá kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti pé ọdún 65 ni wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún 45 sí 65 ni àìsàn tí à ń wí yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 53 wa kò sí nínú ìwé ìkànìyàn náà.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ń dá a dúró. Oògùn tí wọ́n ń lò fún ìrántí àwọn aláìsàn Alzheimer kì í ràn án lọ́wọ́, ó tilẹ̀ lè mú kí ara rẹ̀ má balẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ṣi àìsàn kan pè ní èkejì. Àwọn oògùn ìbànújẹ́ ọkàn kan a máa tu ìwà rẹ̀ lára díẹ̀. Iṣẹ́ ilé ni ìyókù: kí a tètè gba ìwé báǹkì àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má bá a jiyàn, kí oúnjẹ má wà ní gbangba, kí ètò ọjọ́ kan jọ ti èkejì, kí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sì rí ẹni gbà á fún ìsinmi. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí ìbátan aláìsàn bá a wá láti máa tọ́jú rẹ̀ ní àwọn abúlé àyíká. Àìsàn mìíràn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà bá èyí mu.

Ẹni tí ó bá mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má sọ ti ìgbàgbé nìkan. Kí ó sọ ọdún tí ìwà yí padà, àti bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Bí dókítà bá bi aláìsàn náà, yóò dáhùn pé ara òun le koko.