Ojú Irin Tí Ìlú Fúnra Rẹ̀ Ní: Àyẹ̀wò Rélùwéè Ẹlẹ́rù ti Prineville, ní Oregon

Bí ọ̀rọ̀ rélùwéè Amẹ́ríkà bá délẹ̀, àwọn olówó ńlá bíi James J. Hill àti E. H. Harriman ni a sábà máa ń dárúkọ. Rélùwéè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ní irú bàbá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 18 lọ, ẹrù ni iṣẹ́ rẹ̀, ìlú Prineville ní àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ Oregon ló sì ni ín láti 1918. Èrò tèmi ni pé níní tí ìlú ni ín ló jẹ́ kó wúlò tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Láàárín 1909 sí 1911, ilé-iṣẹ́ Hill àti ti Harriman ń bára wọn figa gbága láti la ojú irin gba àfonífojì odò Deschutes. Bend ni ojú irin náà lọ. Ó fi Prineville, olú-ìlú káńtì Crook, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ènìyàn 536 ni ìkànìyàn bá ní Bend ní 1910. Ní 1920 wọ́n ti di 5,415, torí pé ilé-iṣẹ́ ìlagi ńlá méjì, Shevlin-Hixon àti Brooks-Scanlon, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1916. Ilẹ̀ pàápàá ń bọ́ lọ́wọ́ Prineville: wọ́n gé káńtì Jefferson kúrò lára Crook ní 1914, wọ́n tún gé Deschutes, tí Bend di olú-ìlú rẹ̀, ní 1916. Ní 1917, àwọn ará Prineville dìbò lórí kíkọ́ rélùwéè tiwọn. Ẹni 355 fara mọ́ ọn, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1914 àti 1916, kò yà mí lẹ́nu.

Nǹkan bí ogún ọdún àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Ìparí àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn alágbàlagi wá tẹ̀dó sí Prineville, ni nǹkan yí padà. Igbó Ochoco kún fún igi páìnì, pákó rẹ̀ sì tà. Ẹ́ńjìnnì ìlú á wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ lọ kó ọkọ̀ ẹrù, á fà wọ́n dé Prineville Junction nítòsí Redmond, kí rélùwéè ńlá tó gbà wọ́n níbẹ̀. Owó ìrìn ẹrù kan náà ni àwọn rélùwéè tó gbé e jọ ń pín. Nípa bẹ́ẹ̀, pákó tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kò lè jáde kí ìpín kan má wọ àpò ìlú. Èyí ni mo kà sí kókó jù lọ: ká ní aládàáni ló ni máìlì 18 yẹn, àwọn onípìn-ín tí kò gbé Prineville rí ni ì bá jẹ èrè náà. Dípò bẹ́ẹ̀, láti 1964 sí 1968, ìlú kò gba kọ́bọ̀ owó orí ilé àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará rẹ̀. Èrè rélùwéè ló gbé e.

Ní àwọn ọdún 1990, gígé igi dín kù gidigidi nínú igbó ìjọba àpapọ̀. Ilé ìlagi Ochoco Lumber ti ìlẹ̀kùn ní 2001. Bí ẹrù bá tán báyìí, aládàáni a máa hú irin rẹ̀ tà. Prineville kò hú tiwọn. Ó ṣí ibùdó ẹrù kan, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú irin sínú ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí láti inú ọkọ̀ akẹ́rù sí ojú irin, fún àwọn oníṣòwò tí irin kò dé ọgbà wọn.