Láti Ìbàrà dé Aké, Lẹ́sẹ̀

Àwa mọ́kànlá la pàdé ní Ìbàrà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, aago méje kò tíì lù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, orúnkún tèmi sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọgbà ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké là ń lọ, níbi tí Wọlé Ṣóyínká gbé nígbà èwe rẹ̀. Kì í ṣe ilé rẹ̀ tó wà nínú igbó Ìjẹ̀gbà o. Ilé àgbàlagbà nìyẹn, a kì í sì í ṣàdédé já wọ ilé onílé.

Èmi ni mo ní ká fẹsẹ̀ rìn, èmi náà ni mo ní kó jẹ́ Ìbàrà la ó ti gbéra. Nínú ìwé *Aké* tó kọ ní 1981, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá lẹ́yìn náà, Ṣóyínká sọ bí òun ṣe tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè jáde nílé. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn ọmọ yòókù ń já padà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò wẹ̀yìn, àfi ìgbà tó bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìbàrà. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e padà sílé. Mo ti ka ibẹ̀ sétí àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n mi ò fi ẹsẹ̀ ara mi wọn ọ̀nà náà rí.

A gba Ọmídá, a já sí Ìṣàbọ̀. Ẹni tó ń fi mọ́tò gba ibẹ̀ kì í mọ̀ bí Abẹ́òkúta ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ tó. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé wọn àtijọ́, tí olórí wọn, Ṣódẹkẹ́, kó wọn wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ dání wá: Aké, Ìjẹmọ̀, Kémta, Igbẹ̀in, Ìtokò. Títí dòní, bí o bá bi ọmọ Ẹ̀gbá pé ọmọ ibo ni, kò ní dúró sórí Abẹ́òkúta. Yóò dárúkọ ìlú tí baba ńlá rẹ̀ sá kúrò.

Ní Sàpọ́n ni okùn bàtà ẹ̀gbọ́n wa kan já. A rí ẹni tó ń rán bàtà, a dúró tì í. Ìyá ẹlẹ́kọ kan ń wò wá láti ìdí igbá rẹ̀.

“Ẹ̀yin wo rèé? Ṣé ìwọ́de lẹ fẹ́ ṣe ni?”

“Rárá, Ìyá. Ilé Ṣóyínká là ń lọ.”

“Èwo wá ni ti ìrìn? Ṣé ọ̀kadà tán ní Ìbàrà ni?”

Mo ra ẹ̀kọ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ́de yẹn kò kúrò lọ́kàn mi mọ́, nítorí àdúgbò yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Ìjẹmọ̀ dìde lórí ikú àgbà ìjòyè wọn, Ṣóbìyí Pọ́nládé, tí ìjọba Ẹ̀gbá fìyà jẹ. Àwọn sójà yìnbọn fún wọn. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, òmìnira tí àwọn Ẹ̀gbá ní lábẹ́ àdéhùn 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí mo mọ̀ jù ni ti àwọn obìnrin, nítorí ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ tòun ti ijó. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di ẹni tó ń san án, àwọn obìnrin sì ké pé àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára ọmọ láti fi mọ̀ bóyá ó ti tó. Ní òpin 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn lọ sí àfin Aké. Wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ẹniọlá, ìyá Wọlé, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí àfin, wà lára wọn. Wọlé tó ṣì jẹ́ ọmọ ń jíṣẹ́ fún wọn. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú, fi ìlú sílẹ̀, ó sì tó òpin 1950 kó tó padà.

Bí a ṣe dé Aké, àwọn akọrin ń dánra wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ń sọ nípa ẹ̀bùn Nobel tí Ṣóyínká gbà ní 1986 bí ẹni pé ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà. Ní 1846 ni àwọn ajíhìnrere Townsend àti Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà ni Àjàyí rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú. Ìyá kò kọ́kọ́ gbà pé òun ni. Ní 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ *Ìwé Ìròyìn* lédè Yorùbá nínú ìlú yìí kan náà. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ti 1867 ló pa ìwé ìròyìn náà. Ní Aké yìí ni Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká ti wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé, ọkùnrin tó fẹ́ràn òdòdó rósì, tí ọmọ rẹ̀ sọ S.A. orúkọ rẹ̀ di “Essay”, bí ẹni pé àròkọ ni baba náà.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n rán bàtà rẹ̀ jókòó sórí òkúta kan, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ọdún mẹ́rin ló rin gbogbo èyí?” A wo aago. Pẹ̀lú ìdúró wa ní Sàpọ́n, wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi rìn ín.

Bí ìwọ náà bá ń lọ, Ìbàrà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì ní owó ẹ̀kọ lápò. Má wọ bàtà olókùn.