Owó Ilé àti Ilé Mẹ̀kúnnù, láti Ayé Ọ̀wẹ̀ Títí di Òní

Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn tí a kì í gbọ́ ẹjọ́ owó ilé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ìtàn rẹ̀ wò, kí a lè mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ru ẹrù náà.

Ní ayé àwọn baba wa, ilé kíkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a wá po amọ̀, wọn a mọ ògiri ní ìpele-ìpele, wọn a sì fi bẹẹrẹ bò ó. Oúnjẹ àti ẹmu ni owó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí páànù àti sìmẹ́ńtì dé ni owó wọ inú ọ̀ràn náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè bẹ ọ̀wẹ̀ páànù. Èésú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kan páànù ilé wọn.

Èkó ni ìṣòro náà ti kọ́kọ́ le. Ní 1924, àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ilé tí ó há. Nítorí èyí ni ìjọba amúnisìn ṣe dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú Èkó, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní L.E.D.B., sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn Èkó, kí a sì kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Ilé Súrùlérè mọ́, ó sì láàyè. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́. Ẹni tí kì í san owó ilé rí, nítorí pé ilé ẹbí ni ó ń gbé, di ẹni tí ń san án lóṣooṣù, owó ọkọ̀ sì tún wà lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe àkíyèsí èyí gidigidi: ilé ẹbí jẹ́ irú owó ìrànwọ́ kan, kò sì sí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò nígbà tí wọ́n ń wó o.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba ọ̀nà mìíràn. Ó dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀ ní 1958, àjọ náà sì kọ́ ilé Bódìjà ní Ìbàdàn, tí àwọn tí ó rà á ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètò dáradára ni, a kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba, dókítà àti lọ́yà ni ó bọ́ sí. Birikilà tí ó mọ ògiri náà kò lè gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí owó epo pọ̀, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ilé 202,000 láàárín 1975 sí 1980. Èyí tí wọ́n kọ́ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni a lè yìn. Ilé rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù wọ inú wọn, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè wọ́n títí di òní.

Ní 1992 ni òfin àpò owó ilé ti orílẹ̀-èdè dé: kí òṣìṣẹ́ máa dá náírà méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí ó lè yá owó ilé pẹ̀lú èlé mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Èésú ńlá ni, bí a bá wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú èésú ti ilé wa, olúkúlùkù mọ ọjọ́ tí yóò kó tirẹ̀. Nínú ti ìjọba, ọ̀pọ̀ dá owó títí wọ́n fi fẹ̀yìntì láì rí owó ilé yá. Ẹni tí ń yáni lówó a sì máa béèrè ìwé ilẹ̀, èyí tí òfin 1978 fi sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, tí kò sì ní ìwé, kò ní ohun tí yóò fi dúró.

Ní tiwa, owó orí ni ó yẹ kí ó la ọ̀nà, kí ó fa omi, kí ó sì mú ìwé ilẹ̀ rọrùn láti gbà. Kí ẹni tí yóò gbé ilé máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ilé àwọn opó àti aláìlera nìkan ni a rò pé ó yẹ kí ìjọba san pátápátá. A mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa kò ní gbà fún wa. Síbẹ̀, a bẹ ìpàdé àpapọ̀ tí ń bọ̀ kí ó gbé e yẹ̀wò bóyá a lè mú díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ láti fi wọn ilẹ̀ àwọn ẹbí tí ó bá fẹ́, kí a sì bá wọn gba ìwé rẹ̀.