Ta ló ṣẹ̀ tí ọmọ fi yarọ? Ohun tí Ìfọ́n àti Ìlobù ti sọ sí i

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Tí wọ́n bá bí ọmọ kan ládùúgbò, tí ọmọ ò rìn, tí ò sọ̀rọ̀, tí ọrùn ẹ̀ ò dúró, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Wọn ò ní bèèrè ohun tí dókítà wí. Wọ́n á ní: "Kí ni ìyá ẹ̀ ṣe?" Ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún, kò sì fi abẹ́rẹ́ há aṣọ. Àwọn àgbà ilé bàbá ẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹ̀ṣẹ̀ ìdílé ni.

2. Mo fẹ́ mú yín lọ sí ìlú méjì kan nítòsí Òṣogbo: Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobù. Ìlobù ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orolú. Aládùúgbò pátápátá ni wọ́n. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìjà ilẹ̀ àti kónílé-ó-gbélé ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbọ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni òrìṣà ìlú méjèèjì ti ní nǹkan sọ sí ìbéèrè yẹn.

3. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ́n. Olúfọ́n ni oyè ọba ibẹ̀. Òrìṣà tí wọ́n mọ ìlú náà mọ́ ni Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ní Ẹjìgbò, Òrìṣà Ògìyán ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́ jagunjagun tó fẹ́ràn iyán. Ṣùgbọ́n ti Ìfọ́n, arúgbó ni: aṣọ funfun, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìgbín.

4. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni ara èèyàn. Òun ló ń mọ orí, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, Olódùmarè ló ń fi èémí sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà fún aláboyún pé kí òòṣà ya ọnà ire kò wá. "Ọnà" tí wọ́n ń wí yẹn, iṣẹ́ ọnà ni, bíi ti agbẹ́gilére. Àdúrà yẹn gbà pé ọwọ́ oníṣẹ́ kan wà nínú bí ọmọ ṣe rí.

5. Ìtàn wá sọ pé òùngbẹ gbẹ Ọbàtálá lọ́jọ́ kan. Ó mu ẹmu, ó mu ún yó, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn tó mọ lọ́jọ́ náà, iké yọ lẹ́yìn ẹnì kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ò gún, ẹlòmíì ò ríran, ẹlòmíì jáde ní àfín. Nígbà tí ojú ẹ̀ dá, ó rí ohun tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe.

6. Ẹ wá ìyá ọmọ nínú ìtàn yìí, ẹ ò ní rí i. Ẹni tó mọ amọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà já lé lórí, kò sì sá fún un. Ó ní òun ò ní fẹnu kan ẹmu mọ́, ó sì ní gbogbo àwọn tí òun mọ bẹ́ẹ̀, tòun ni wọ́n, òun ni alábòójútó wọn. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olóòṣà ẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gba ìtàn yìí gbọ́ o. Ẹ kàn wo ibi tó gbé ẹ̀bi sí.

7. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá (ó parí ẹ̀ ní 1897, wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921), kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfín, aràrá, arọ àti abuké, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyẹn ni pé òrìṣà ló ni wọ́n. Tó o bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ṣe wọ́n lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn.

8. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn fún wọn. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé ẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, kọ apá kejì náà: àwọn kan gbà pé òrìṣà lè fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bínú sí ẹni tó da èèwọ̀, tàbí kó fi hàn pé ohun tó bá wu òun lòun ń ṣe. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pa ìbejì pàápàá láwọn apá kan ilẹ̀ wa. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ sàmì sí ara òkú àbíkú. Ẹ̀sìn kan náà, ohùn méjì: ọ̀kan ń dáàbò bo ọmọ, ọ̀kan ń wá ẹni tó máa dì ẹ̀bi lé.

9. Ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n míì wà. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé ẹ̀ lọ́nà, ó da epo sí i lára, ó da èédú sí i, ó da àdín sí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó ṣìnà, ó mú un dání. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí arúgbó kan pẹ̀lú ẹṣin ọba, wọ́n ní olè ni. Wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọdún 7.

10. Láàárín ọdún 7 yẹn, òjò ò rọ̀. Oko ò so. Àìsàn gba ìlú, àwọn obìnrin ò rọ́mọ bí. Nígbà tí Ṣàngó wádìí lọ́dọ̀ Ifá, wọ́n ní arúgbó aláìṣẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n tọrọ àforíjì.

Ẹ ṣàkíyèsí: wàhálà dé bá inú àwọn obìnrin, síbẹ̀ Ifá ò dárúkọ obìnrin kankan. Ààfin ló tọ́ka sí. Ó ní kí wọ́n lọ wo ohun tí wọ́n ṣe sí arúgbó tí ò lágbára.

11. Ọkọ̀ ẹrú gbé ìtàn yìí dé Brazil. Oxalufã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ Olúfọ́n ti Ìfọ́n ṣì wà nínú ẹ̀ ketekete. Ní Bahia, wọ́n ṣì ń pọn omi fún un lọ́dọọdún nínú aṣọ funfun, láti fi rántí ẹ̀wọ̀n yẹn.

12. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọdá sí Ìlobù, ìlú Ọlọ́bú. Erinlẹ̀ ni òrìṣà wọn, ọdẹ tó di odò. Ó mọ igbó, ó mọ omi, ó sì mọ oògùn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ mọ́ Ọ̀sanyìn, ẹni tó ni gbogbo ewé. Nígbà tí Erinlẹ̀ dé Cuba, Inle ni wọ́n pè é, dókítà ni wọ́n sì fi ṣe. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì, orúkọ tó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ń woni sàn.

13. Ọ̀sanyìn tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Ojú kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí gbogbo ayé ń sá tọ̀ fún ìwòsàn, ara tiẹ̀ gan-an ò pé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tí ìyá Ọ̀sanyìn ṣe.

Bí mo ṣe rí i nìyí: Ìfọ́n dáhùn pé "ta ló ṣe é?" Ìlobù ń bèèrè pé "kí la máa ṣe sí i?" Ìbéèrè kejì yẹn ló wúlò fún ọmọ.

14. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ má rò pé ẹ bọ́. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú. Ìbéèrè àdúgbò yìí kan náà ni wọ́n bi í: òun ló ṣẹ̀ ni àbí àwọn òbí ẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe òbí ẹ̀. Ó sì la ojú ọkùnrin náà. Lóòótọ́, Léfítíkù orí 21 ò gba arọ tàbí abuké láyè kó rúbọ nídìí pẹpẹ. Ohùn méjì yẹn wà níbẹ̀ náà. Èwo ni pásítọ̀ yín ń lò?

15. Ẹ̀yin mùsùlùmí náà, Súrà 80, Àbásà. Afọ́jú kan, Abdullah ọmọ Umm Maktum, wá bá Ànábì nígbà tó ń bá àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀. Ànábì fajú ro, Ọlọ́run sì sọ àìdùnnú Rẹ̀ sí i nínú Àlùkùránì títí ayé. Afọ́jú yìí kan náà ló padà di ladaánì ní Mẹ̀dínà, tí Ànábì sì ń fi ìlú sílẹ̀ fún nígbà míì tó bá rìnrìn àjò.

16. Kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Torí pé "kí ni ìyá ẹ̀ ṣe?" ń jẹ àkókò ọmọ.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ojú ọmọ tuntun lè pọ́n rúsúrúsú, ìbà pọ́njú nìyẹn. Tó bá le, tí wọn ò tètè tọ́jú ẹ̀, ó máa ń wọ ọpọlọ. Ọmọ lè dití, ọwọ́ àtẹsẹ̀ lè má gbọ́ tiẹ̀ mọ́ láéláé. Ilé ìwòsàn á gbé e sábẹ́ iná búlúù, tó bá ti pọ̀ jù wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Gbígbé ọmọ sóòrùn àárọ̀ ò tó. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ ní. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn gan-an làwọn kan fi ń wá ẹni tó ṣẹ̀.

17. Kánfọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Tẹ́ ẹ bá ti kó aṣọ ọmọ sínú kánfọ̀, òórùn ẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kí ìbà pọ́njú sì le sí i. Àjẹ́ ò sí níbẹ̀.

Ẹ rántí pólíò náà. Ní 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan ní Kánò ní káwọn èèyàn má gba àjẹsára ẹ̀. Àrùn náà tún tàn kálẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé pólíò inú ìgbẹ́ ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn tó yarọ láàárín ìgbà yẹn ṣì wà láàárín wa.

18. Nígbà míì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. Àfín, ọ̀dọ̀ bàbá àtìyá méjèèjì ló ti ń wá, láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn jẹ́ àfín, láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣẹ̀. Oògùn ò lè yí i padà. Ohun tó kù ni fìlà, aṣọ alápá gígùn, ìpara oòrùn, àti tíṣà tó máa jẹ́ kó jókòó níwájú kó lè rí bọ́ọ̀dù.

19. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún 5 yẹn ti pé láti 2024.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ wo mọ́ṣáláṣí yín. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Ibi tá a ti ń sọ pé Ọlọ́run ló dá gbogbo wa, ṣé ọmọ tí ò lè rìn lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e?

20. Tẹ́ ẹ bá lẹ́bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kánfọ̀ àti ìbà pọ́njú fún wọn lónìí. Tí wọ́n bá sì bí ọmọ tí ara ẹ̀ ò pé ládùúgbò yín, ẹ bi ìyá ẹ̀ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú. Ìgbà wo lẹ tún ń lọ sí ọsibítù, ká bá yín gbé ọmọ?"

Kí òòṣà ya ọnà ire kò wá o. Ẹ bá mi pín in káàkiri.