Ìdámẹ́rin Kọ́bọ̀ Kan

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ìtàn kòkó ni mo mú wá. Kì í ṣe ti àgbẹ̀ tí ń gbìn ín, bí kò ṣe ti àwọn tí ń rà á.

Ní 1824 ni John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀, Richard àti George, gba òwò náà ní 1861, ọjà kò tà dáadáa mọ́. Láyé ìgbà náà, àwọn tí ń ta kòkó mímu a máa fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún lú u kí ó lè pọ̀. Àwọn Cadbury náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1866 wọ́n lo ẹ̀rọ kan tí ń fún ọ̀rá inú kòkó jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ta kòkó tí kò lábùlà. Nígbà tí ìjọba ṣòfin lòdì sí àbùlà oúnjẹ ní 1872 àti 1875, ẹ̀rù ba àwọn alábùlà. Ní tiwọn, òfin náà di alágbàwí ọjà wọn.

Ní 1879 wọ́n kó ilé-iṣẹ́ wọn kúrò láàárín èéfín ìlú lọ sí ìgbèríko tí wọ́n sọ ní Bournville. Nígbà tí ó yá, George kọ́ àwọn ilé tí ó ní ọgbà síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ bí 230 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ogún ọdún, wọ́n ti ju 2,000 lọ.

Ṣé ìtàn ti parí? Rárá o. Ní 1901 William Cadbury gbọ́ pé ẹrú ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù São Tomé, lábẹ́ àwọn Potogí. Láti Àǹgólà ni a ti ń kó wọn wá, wọn kì í sì í padà sílé. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń ra púpọ̀ nínú kòkó rẹ̀. Wọ́n rán ẹni tí yóò wádìí lọ ní 1905, wọ́n bẹ ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kò yé rà á. March 1909 ni wọ́n tó dẹ́kun.

Ìwé ìròyìn kan, Standard, ti bú wọn lórí ọ̀ràn náà ní 1908. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre ní December 1909. Èló ni ilé-ẹjọ́ ní kí a san fún wọn? Ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ kan, nígbà tí 240 kọ́bọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan! Ẹjọ́ dá wọn láre, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí a fi orúkọ wọn sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ebi kò pa ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ó fi São Tomé sílẹ̀. Ó yíjú sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbin kòkó sórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rántí: òótọ́ ọdún 1866 mówó wá, ìfalẹ̀ ọdún mẹ́jọ sì ba ohun tí owó kò lè rà jẹ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.