Ta Ló Ṣàwárí Machu Picchu?

Mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn dé orílẹ̀-èdè Peru, mo sì fi odidi ọjọ́ kan wo Machu Picchu, ahoro ìlú tó wà lórí òkè Andes.

Àwọn Inca ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1450, láyé ọba Pachacuti. Òjò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ kí omi lè ráyè sàn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlú náà kò fi ya lulẹ̀ títí dòní.

Ìwé púpọ̀ sọ pé Hiram Bingham, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ibẹ̀ ní 1911. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan, Melchor Arteaga, ló mú un gòkè. Ó bá àwọn ìdílé tó ń dáko níbẹ̀. Ọmọdékùnrin kan ló mú un yí ká. Ó tún rí orúkọ Agustín Lizárraga lára ògiri, pẹ̀lú ọdún 1902.

Ẹ ò rí i pé ó jọ Mungo Park tí wọ́n ní ó ṣàwárí Odò Ọya? Ṣé àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ ò lójú ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bingham kó ohun tó wú nílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Yale. Ọdún 2011 sí 2012 ni wọ́n tó dá wọn padà fún Peru.

Bí ẹ bá tún ka “ó ṣàwárí” nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ta ló bá níbẹ̀?