Kẹ̀kẹ́ Ọmọ: Ta Ni Ọmọ Ń Kọjú Sí?

Ewúrẹ́ ni wọ́n ní kó máa fa ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ìtàn kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ní 1733 ni William Kent, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé àti ọgbà ní England, ṣe é fún àwọn ọmọ Duke ti Devonshire. Ó ṣe é bí ìkarahun, ó sì fi ibi ìdè sí i níwájú fún ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré. Ohun ìṣeré ọmọ ọlọ́lá ni. Abiyamọ tó ń lọ sọ́jà kò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà. Fífà ni wọ́n ń fa ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹni tó ń fà á á sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọ. Ọmọ lè ti ré bọ́ kó tó mọ̀. Ní 1853, Charles Burton gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá ní London lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn kẹ̀kẹ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú àgbà tó wà lára ọmọ.

Ní 1877, William Wilson dá iléeṣẹ́ Silver Cross sílẹ̀ ní Leeds. Kẹ̀kẹ́ ńlá onísípíríńgì ni tiwọn, ọmọ á sùn gbalaja sínú rẹ̀. Ó dára lójú, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń gba àyè.

Ẹni tí mo fẹ́ kí á máa dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ni William H. Richardson, aláwọ̀ dúdú ará Baltimore. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 1889, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ nọ́ńbà 405,600. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìgbà náà, bí wọ́n bá ṣe kan ibùsùn ọmọ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Richardson fi oríkèé kan sábẹ́ ibùsùn náà. Bí ìyá bá fẹ́ máa rí ojú ọmọ, á yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ọmọ máa wòran, á yí i síta, kò sì ní jí ọmọ tó ti sùn. Ó tún ṣe é kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá yí lọ́tọ̀, tí wọn yóò fi lè ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ náà níbi tóóró. Títí di òní, ẹni tó bá ń yí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ọmọ síwá sẹ́yìn, èrò Richardson ló ń lò.

Nígbà tó di 1965, bàbá àgbà kan ló dá tirẹ̀ sílẹ̀. Owen Maclaren ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire fi ń balẹ̀, èyí tó máa ń ká wọnú bó bá ti gbéra. Ó rí i bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ń bá kẹ̀kẹ́ ńlá jìjàkadì pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó fi irin aluminiọ́mù ṣe èyí tí kò tó kílò 3, tó ń ká bí agboòrùn. Ìyá lè fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, kó fi èkejì àti ẹsẹ̀ ká kẹ̀kẹ́, kó sì wọ bọ́ọ̀sì. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní bọ́gì ní London.

Àmọ́ ìta ni ọmọ ń kọjú sí nínú bọ́gì Maclaren, èyí sì di àṣà. Ní 2008, Suzanne Zeedyk ti Yunifásítì Dundee ṣèwádìí rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn òbí tí ọmọ wọn kọjú sí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìlọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ. Inú mi dùn sí èyí. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í rí ojú ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin àti oríkì ń ti ẹ̀yìn ìyá wọ inú àyà rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, ojú ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀já.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra fún ìkókó, ẹ wá èyí tó tẹ́jú tí ọmọ lè sùn gbalaja, torí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó. Tó bá ń lọ bí oṣù mẹ́fà, ó lè jókòó. Ẹ má fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn: ooru inú rẹ̀ á pọ̀ ju ti ìta lọ. Bó bá jẹ́ tókunbọ̀, ẹ tẹ búréèkì rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo oríkèé tó fi ń ká. Ní 2009, nǹkan bí mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn òbí má lò mọ́ àfi bí wọ́n bá fi ìbòrí bo oríkèé rẹ̀, torí ó ti gé orí ìka ọmọ 12. Ẹ ká a, ẹ tú u, nígbà mẹ́ta, kí ọmọ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.